Owó Onírin Tó Jẹ́ Irin Lóòótọ́

Lọ́jà àlòkù kan ní Berlin ni mo ti rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá: máàkì mẹ́ta, 1917, lẹ́tà E ní ìsàlẹ̀, Friedrich Ọlọ́gbọ́n ti Saxony lójú ẹ̀. Ara mi gbọ̀n. Ọgọ́rùn-ún péré ni wọ́n rọ irú ẹ̀, láti fi sàmì ọdún 400 tí Luther kọjú ìjà sí Póòpù. Ọgọ́ta yúrò ni ọlọ́jà ní kí n mú wá. Mo ní sínú pé ọ̀gbẹ́ni yìí ò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ná an, kó má baà fura. Kí n tó délé, mo ti fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Ìbàdàn.

Ní Sátidé, mo gbé agbádá wọ̀, ó di ibi tí àwọn tó ń ṣa owó ayé àwọn Kaiser, ọba Jámánì, jọ ti ń pàdé. Mo tú áńkáṣíìfù, mo wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Èrò pé lé mi lórí. Bàbá oníṣòwò kan ò wo ojú owó náà rárá. Ó kàn fa okùn kan yọ lápò, òòfà so mọ́ ẹnu ẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

Kí!

Fàdákà mi fò sókè, ó dì mọ́ òòfà bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ tọjà dé.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó yẹn, fàdákà ni, bàbà ni ìyókù. Òòfà kì í fa ìkankan nínú wọn. Ìwọ̀n ẹ̀ á tó gíráàmù 16.67. E dúró fún ilé ìrọwó Muldenhütten, bí A ti dúró fún Berlin. Wọ́n á sì kọ “GOTT MIT UNS” sí etí ẹ̀ yíká: Ọlọ́run wà pẹ̀lú wa. Gbogbo èyí ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀! Etí tèmi ń dán bí orí apárí. Ọlọ́run ò bá mi dé ọjà ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó rọ ayédèrú tí kò tẹ àmì kankan sí i, olè ni, ẹ má jẹ́ ká fẹnu pọ́n ọn lé. Àmọ́ èmi tí mo fẹ́ rẹ́ ọlọ́jà jẹ ńkọ́?

Àánú mi ṣe bàbá náà. Ó ní ṣé kò sí òmíràn? Mo yọ máàkì márùn-ún 1888 ti Friedrich Kẹta, ẹni tó lo ọjọ́ 99 péré lórí oyè. Òòfà ò fà á. Ojúlówó! Mo ń rẹ́rìn-ín bọ̀ ni mo rí i tí ojú bàbá le. Dúdú tí ọjọ́ orí fi kun fàdákà, òun ni wọ́n ń wá, èmi sì ti fi ọṣẹ ìfọyín àti kànrìnkàn bó o kanlẹ̀.

“Ta ló fọ̀ ọ́?”

Mo ní ìyàwó mi ni.