Ọ̀gá Ọwọ́-Mi-Wà-Níta

Ọ̀gá kì í fẹ́ òórùn nínú mọ́tò ẹ̀ rárá. Ìyá tó gbé ẹja gbígbẹ wọ dánfó ẹ̀ ní Ìyànà Ìbà, ẹ̀yìn pátápátá ló ní kó gbé e lọ, torí òórùn ẹja a máa mú àga. Ọmọ yunifásítì LASU tó rọra já búrẹ́dì jẹ, ó bi í bóyá búkà nibẹ̀. Ìgbà tí kọ̀ndọ́ há èrò mẹ́rin mẹ́rin tán lọ̀gá wá sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí tábìlì mọ́là. Ẹyọ sìgá kan ló rà. Láítà tí mọ́là fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì ló fi tan án. Òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta sìgá lẹ́yọ-lẹ́yọ. Kò jọ pé òfin náà tíì dé Ìyànà Ìbà.

"Dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ń bẹ níbí o."

"Màmá, ọwọ́ mi wà níta!"

Òótọ́ ni, ọwọ́ òsì ẹ̀ wà níta. Ẹnu ẹ̀ ni ò sí níta. Inú mọ́tò ló ń tu èéfín sí, èyí tó bá sì bá fèrèsé iwájú jáde, atẹ́gùn a gbá a wọlé látẹ̀yìn, tòun teérú, sórí gèlè ẹni ẹlẹ́ni. Àjọ WHO ní kẹ́míkà inú èéfín yìí lé ní 7,000, ó kéré tán 69 nínú wọn ń fa jẹjẹrẹ. Ọ̀gá tí kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, ó kó gbogbo ìyẹn wọkọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ má sọ pé kò mọ òfin. Láti 1990 ni ìjọba ológun ti ka sìgá mímu léèwọ̀ nínú ọkọ̀ èrò. Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, buwọ́ lu ti Èkó ní 2014. Ẹ wò ó bó bá rí LASTMA, àwọn agbófinró ojú pópó Èkó, lọ́ọ̀ọ́kán: sìgá ti wọ abẹ́ àga, ó ń fọwọ́ fẹ́ èéfín, ó ń rẹ́rìn-ín, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa!" Màmá tó ti ń bẹ̀ ẹ́ bọ̀ kò wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Àwọn tó ń pòṣé sí sìgá náà ńkọ́? Bí màmá ṣe tún bá a wí, tọ̀gá ní kó bọ́ọ́lẹ̀ lọ wá Uber, màmá náà ni wọ́n yíjú sí: "Ẹ jẹ́ á máa lọ jàre, ilẹ̀ ń ṣú."

Wọ́n ní rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó ti ń ná Marina sí Máìlì 2 láti 2023 ń bọ̀ wá dé Okokomaiko. Ọ̀gá ti gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá fèrèsé ẹ̀ ṣeé ṣí.