Iná Tó Lọ Tí Kò Lọ

Ẹni tó bá ti ní tẹ́sítà àti púláyà nílé ní Kétu ti di réwáyà lójú ara rẹ̀. Èmi náà ní méjèèjì.

Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gé ọ̀kan nínú wáyà tó ń lọ sídìí gílóòbù yàrá, mo so tuntun sáàárín ibi tí mo gé, mo tan án. Méjèèjì pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ojú ẹni tí kò sùn. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Tóbi, ṣé àtùpà lẹ tàn ni?" Mo yọ ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, yàrá ṣókùnkùn biribiri. Mo pariwo pé NEPA ti mú iná. Tẹlifíṣọ̀n ará ilé kejì ń sọ̀rọ̀ lọ geere.

Réwáyà tòótọ́ ló là mí lójú. Ibi tí iná ti wá ló gbọ́dọ̀ padà sí; bí ọ̀nà bá já níbì kan, kò ní ṣàn mọ́. Èmi to gílóòbù méjì sójú ọ̀nà kan ṣoṣo: wọ́n pín fólítì 220 láàárín ara wọn, bí ọ̀kan sì ti kúrò, èkejì ò rọ́nà gbà. Ó yẹ kí oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa fáànù tí fìríìjì kì í kú. Mo dúpẹ́, mo gbàgbé.

Kò pẹ́, fáànù òkè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìyí, àfi ká fi igi tì í. Wọ́n ní kàpásítọ̀ rẹ̀ ló kú. Mo ra èyí tó jẹ́ maikirofáràdì 2.5 lọ́nà Ìkòsí, mo so ó, fáànù ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Àṣeyọrí yìí ló kó bá mi. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ Bàbá Onílé kọ̀ tí kò tàn mọ́, mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ náwó.

Mo yọ ọ́ lára iná. Kò pẹ́ sí i ni NEPA tún mú iná gbogbo àdúgbò. Kí ló tún kù tó lè ṣeni? Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí kàpásítọ̀ ńlá kan, mo fi ìka di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Inú báàfù aṣọ tí ìyàwó mi rẹ ni mo bá ara mi.

Bébà irin méjì tó dojú kọra tí wọn ò fara kanra ló wà nínú kàpásítọ̀. Iná tó bá kó jọ síbẹ̀ lè dúró títí yóò fi rọ́nà. Nínú irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀, fólítì 220 tó wọlé lè di nǹkan bí 310. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ á máa lo iná yẹn. Èyí ti kú, iná jókòó, ó ń retí ọ̀nà. Ìka mi lọ̀nà.

Ìyà yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1746, ìgò omi kan tó kó iná jọ bíi kàpásítọ̀ gbé iná ta Ọ̀jọ̀gbọ́n Pieter van Musschenbroek ní ìlú Leiden, ó rò pé ó ti parí fún òun. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Faransé, Jean-Antoine Nollet ní kí ọmọ ogun 180 di ara wọn lọ́wọ́ mú níwájú ọba, ó rán iná sí wọn, gbogbo wọn fò sókè pọ̀. Àwọn ṣì rí ẹni bá fò. Èmi nìkan ni mo fò ní Kétu.

Ẹni tó wá tún tẹlifíṣọ̀n náà ṣe kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó so wáyà gílóòbù kan mọ́ ẹsẹ̀ kàpásítọ̀, gílóòbù náà kọ yẹ̀rì, ó kú. Ó ní ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń fọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ní báyìí, bí NEPA bá ti mú iná, Bàbá Onílé á ké láti òkè pé: "Ọ̀gá réwáyà, jọ̀ọ́, fọwọ́ kàn án wò, bóyá ó ṣẹ́ kù."