Ẹ̀gbọ́n Injiníà, Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Gbé Sípánà Yẹn Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Injiníà! Mi ò wá jà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó ṣẹ́kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé lánàá ni mo wá bèèrè. Ẹ ní wọn ò wúlò, pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwọn ará Jàpáànù fi wọ́n ṣe. Ará Jàpáànù tí kì í fi ààyè ìka kan ṣòfò nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ló wá ń fi nọ́ọ̀tì ṣe ẹ̀ṣọ́? Agolo wàrà tí ẹ ń kó ẹ̀ṣọ́ Jàpáànù sí ti kún o. Ó ku díẹ̀ kí ẹ rí ọkọ̀ kejì tò jọ nínú rẹ̀.

Ká má purọ́, mẹkáníìkì ló lé yín dé ìdí iṣẹ́ yìí. Camry Orobo yín ti 1993 ń gbóná. Ó ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ ń gbóná. Ó ní rédíétọ̀ ni. Ẹ ra rédíétọ̀, ọkọ̀ ń gbóná. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí ẹ lọ bi ìyá yín bóyá ẹnì kan ń bínú sí yín nílé. Àṣé fáànù ni kò yí! Ọjọ́ yẹn lẹ búra pé bí ọkọ̀ yìí yóò bá kú, ọwọ́ ara yín ni yóò kú sí. Ẹ kò sì tíì yẹ ìbúra.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni àrùn yìí mú. Lọ́dún 1969, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Muir ṣe ìwé tó ń kọ́ ẹni tí kì í ṣe mẹkáníìkì bí yóò ṣe máa tún Volkswagen ara rẹ̀ ṣe, Ìjàpá tí gbogbo wa mọ̀ náà ni. Ó sọ irú ẹni tó kọ ọ́ fún sára àkọlé ìwé náà. Mi ò ní túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn níbí, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni yín.

Tiyín, YouTube ni. Ẹ wo fídíò mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, ẹ di Injiníà. Ṣé ẹ ṣàkíyèsí nọ́ọ̀tì òyìnbó inú fídíò yẹn? Tó bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, á yí. Nọ́ọ̀tì tiyín ti dógùn-ún láti ayé Abacha. Ẹ fi sípánà 14 fà á, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ògiri, ẹ fi orúkọ bàbá yín bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa yí, orí rẹ̀ nìkan ló bá yín wá.

Ọjọ́ plọ́ọ̀gì ni mi ò lè gbàgbé. Ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dọ̀ ọ̀gá ti mọ̀ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ wáyà plọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnì yẹn kì í jó ní títò bí ọmọ ilé ìwé. Ti kìíní ló ń kọ́kọ́ jó, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e, ẹ̀kẹrin, kó tó wá kan ìkejì. Ẹ̀yin yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan, ẹ tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì bí ẹja pańla, ẹ sì dá wọn padà sára ọkọ̀ bí ẹni ń ka owó. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ sín bí arúgbó tó fín aáṣà, ó yìnbọn nídìí, adìyẹ Ìyá Ìbejì sì fo ògiri. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, adìyẹ náà kò tíì padà.

Ẹ tún wáyà tò lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọkọ̀ jí, àmọ́ iná "Check Engine" tàn. Ẹ dé ọjà Gate, ẹ ra ẹ̀rọ tó ń bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹsẹ̀ méjèèjì níta, ẹ ń wá ihò tí ẹ máa kì í bọ̀. Odidi wákàtí kan! Ìyàwó yín gbé ẹ̀bà wá, ẹsẹ̀ ló bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ihò yẹn kò sí níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀ranyàn mú pé kí gbogbo wọn ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Orobo yín ti dàgbà kí òfin tó dé.

Ọmọ iṣẹ́ rìwáyà ló ń kọjá lọ, tòun ti búrẹ́dì àti àkàrà, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ṣí ìdérí àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí. Ó fi eyín bó wáyà pọ́ńkú kan ní orí méjèèjì, ó ki orí kan bọ TE1, ó ki ìkejì bọ E1. Ó yí kọ́kọ́rọ́ láì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì dáhùn. Iná náà ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Dádì, méjì-méjì ni. Sẹ́ńsọ̀ omi." Ó na ọwọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Sókẹ́ẹ̀tì kan ló ń fì dirodiro níbẹ̀ bí yẹtí ìyàwó. Ta ló fà á yọ lọ́jọ́ plọ́ọ̀gì tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀? Ọmọ náà tì í wọlé, ó ró kọ́. Ẹ wá ń bi í pé ilé ìwé wo ló ti kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun máa ń gbá òun létí bí òun bá ka iná yẹn ṣì.

Mi ò ní fi ẹ̀tọ́ yín dù yín o. Ẹ mọ ọ́ọ̀lì pààrọ̀ ju mẹkáníìkì yín lọ, ẹ kì í sì í da èyí tí ẹ ti lò sí gọ́tà bíi tirẹ̀. Ẹ kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáákì nìkan. Ẹ kì í sì í ṣí rédíétọ̀ gbígbóná mọ́, látìgbà tí omi rẹ̀ ti ya àwòrán sí àjà ilé yín.

Àmọ́ mo rí yín lálẹ́ àná. Ẹ dúró ti jẹnẹrétọ̀ mi, ẹ tẹ etí sílẹ̀, ẹ ní ohùn kan wà níbẹ̀ tí ẹ ò fẹ́ràn, pé ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti pa á, mo sì ti gbé e wọ yàrá. Ìyàwó mi ní ta ló máa wá sùn sílẹ̀. Mo ní èmi ni.