Àwa Onímọ́tò Oníkọ́kọ́rọ́ Kan

Nínú gbogbo ìwà tí àwa tí à ń ra mọ́tò tòkunbọ̀ máa ń hù tí a kì í fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ọjọ́ ìnájà. A ó ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, a ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, a ó ti ìka bọ ọ́ìlì, a ó fi imú gbóòórùn rẹ̀. A ó wọ abẹ́ mọ́tò pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn láti wò ó bóyá ó ń jò. A ó tan éà-kọ̀ǹdíṣọ̀n, a ó na ọwọ́ síwájú rẹ̀, a ó mi orí. A ó wá bá ọlọ́jà fa ọ̀rọ̀ owó títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Nígbà tó bá parí, yóò na kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo sí wa, a ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, a ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ ká lò ó pẹ́. Kò sí ẹni tó béèrè pé èkejì dà. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju èyí lọ: ibẹ̀ ni gbogbo ìṣìnà wa nípa kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú mọ́tò nínú agbolé níbí ní ìlú Ẹ̀gbẹ̀, tó ń ṣílẹ̀kùn tó ń tì í, tó ń wo fóònù, tó ń ka “ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì”, tó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ rìmóòtù tuntun níṣẹ́, kì í ṣe pé kò gbọ́n. Gbèsè ọjọ́ ìnájà ló ń san.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ náà. Kinní méjì ni wọ́n kó sínú ike kan ṣoṣo, wọn ò sì mọ ara wọn rí. Èkíní ni rìmóòtù tí à ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn lè ṣí. Bátìrì pẹlẹbẹ ló ń jẹ, ojú afẹ́fẹ́ ló sì ń gbà sọ̀rọ̀. Èkejì ni ṣíìpù kan tí kò tó èékánná, tí kò ní bátìrì kankan. Nígbà tí a bá ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀, òrùka wáyà tó yí ẹnu ihò náà ká ló máa ń jí ṣíìpù yìí, tí yóò fi sọ ẹni tó jẹ́ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò. Bí kọ̀ǹpútà kò bá mọ̀ ọ́n, mọ́tò kò ní sítáàtì, bí kọ́kọ́rọ́ náà tilẹ̀ bá ihò mu wẹ́kú. Ford bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀ṣọ́ yìí sínú mọ́tò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996, ilẹ̀ Yúróòpù sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tuntun ní oṣù kẹwàá 1998. Ó ti tó ọmọ tó gboyè jáde ní yunifásítì, síbẹ̀ a ṣì ń ṣe bí ẹni pé àná ló dé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, bátìrì rìmóòtù la máa ń pààrọ̀, bẹ́ẹ̀ rìmóòtù ò mọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnnì. Bí ilẹ̀kùn bá kọ̀ tí kò ṣí, a ó ní kí rẹwáyà wá tú abẹ́ sítíárìn. Bí kọ́kọ́rọ́ bá sì sọnù, a ó sáré lọ bá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ́bàá ọjà, yóò gé irin tó dára fún wa, irin náà yóò ṣílẹ̀kùn mọ́tò, a ó jókòó, a ó yí i, a ó sì máa wo ara wa.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí àwọn tó ṣe mọ́tò fúnra wọn là sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ dá a ṣe nílé. Fún àwọn Toyota àtijọ́ kan, báyìí ni: ki kọ́kọ́rọ́ àgbà bọ ihò, yọ ọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 15, ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, tì í, lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 20, ki kọ́kọ́rọ́ tuntun bọ̀ ọ́, kí o sì dúró títí iná kékeré orí dáṣíbọ́ọ̀dù yóò fi kú, ó tó bí ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá ń wò ọ́ lókèèrè á rò pé ẹ̀mí àìmọ́ lo ń lé kúrò nínú mọ́tò. Ibi kíkà ló sì máa ń dojú rú. A ó ti ṣílẹ̀kùn dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, aládùúgbò kan á kọjá, á ní “Okun o”, a ó sì dúró dá a lóhùn, nítorí ní ilẹ̀ wa kò sí ẹni tí í gbọ́ ìkíni kó dákẹ́. Nígbà tí a ó fi béèrè ara àwọn ọmọ tán, ìṣẹ́jú-àáyá 20 ti lọ. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìlànà yẹn wò dáadáa. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni kọ́kọ́rọ́ àgbà, èyí tí mọ́tò ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ford tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò rẹ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, kọ́kọ́rọ́ méjì tí mọ́tò mọ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ihò, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí tuntun tó wọlé. Ẹni tó ní méjì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di mẹ́ta, kódà di mẹ́jọ. Ẹni tó ní ẹyọ kan kò lè sọ ọ́ di méjì. Mo ti ka ìlànà yìí ní àkàtúnkà, mi ò rí ibi tí àánú wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe mọ́tò kò ronú nípa wa rárá. Oníkọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á.

Ti rìmóòtù nìkan rọrùn díẹ̀, ìdí sì nìyí tó fi ń kó wa sí wàhálà jù. Nínú àwọn Honda kan, a ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ń tàn, a ó tẹ bọ́tìnì ìtìlẹ̀kùn, a ó yí i padà, a ó sì tún un ṣe léraléra kí ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan tó kọjá, títí ilẹ̀kùn yóò fi ti ara rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti gbọ́. Inú wa á dùn. Ohun tí a kì í kà délẹ̀ ni pé bí mọ́tò bá ti wọ ipò ẹ̀kọ́ yìí, yóò gbàgbé gbogbo rìmóòtù tó ti mọ̀ rí, àfi kí a kó gbogbo wọn wá tẹ̀ níjókòó kan náà. Nínú àwọn Toyota kan ẹ̀wẹ̀, bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí ìlànà wí, a fi tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá yí i lẹ́ẹ̀mejì, a ti pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Àwa tí a wá fi ọ̀kan kún ọ̀kan, a dìde pẹ̀lú ọ̀kan náà.

Nígbà mìíràn, rìmóòtù tí a rà lórí fóònù kò tilẹ̀ lè bá mọ́tò sọ̀rọ̀ láéláé. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 315 MHz ni rìmóòtù wọn fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, 433 ni. Ilẹ̀ méjèèjì ni tòkunbọ̀ wa ti ń wá. Ọ̀pọ̀ ti Bẹ́ljíọ̀mù gba Kùtọnú wọlé, kí ìjọba àpapọ̀ tó ní kí mọ́tò má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́ láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2017. Ti Amẹ́ríkà ń gba èbúté Èkó. Lójú, Corolla ni Corolla. Ike rìmóòtù méjèèjì jọra, bọ́tìnì wọn jọra, nọ́ńbà kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀, àwa kì í sì í wo ẹ̀yìn nǹkan. Ẹni tó fi ti Yúróòpù há Camry “Muscle” tó ti Amẹ́ríkà wá lọ́wọ́ lè ṣílẹ̀kùn kó tì í títí di ọjọ́ ọdún Àjíǹde.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ọlọ́jà pàápàá kò ní kọ́kọ́rọ́ kejì, ibi gbàǹjo ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ra mọ́tò, ẹyọ kan ni wọ́n sì fún un níbẹ̀. Òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n àwa tí a lè fa ẹgbẹ̀rún náírà márùn-ún nítorí pé ròọ́bà wáípà ti gbó, kí ló dé tí a kò lè fa owó kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀? Bí kò bá sí, kó dínwó. Kí a sì mú owó tó dín náà lọ ṣe èkejì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, nígbà tí èkíní ṣì wà láàyè. Nítorí iṣẹ́ méjì tí kò jọra rárá ni. Bí ẹyọ kan bá wà lọ́wọ́, ẹni tó ní maṣíìnì yóò ki okùn rẹ̀ bọ ihò abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò fi tuntun kún un, kò ní pẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti sọnù, kọ̀ǹpútà mọ́tò kò rí ojúlùmọ̀ kankan mọ́. Nínú àwọn mọ́tò kan, ṣe ni wọ́n máa tú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n á yọ àpótí ẹ̀ṣọ́ náà jáde kí wọ́n tó lè kọ orúkọ tuntun sí i. Owó méjèèjì kì í bá ara wọn jẹun.

“Ṣebí àwọn onímaṣíìnì wà ní Ìlọrin?” Wọ́n wà. Mọ́tò tí kò lè sítáàtì ni kò sí ní Ìlọrin. Ẹ̀gbẹ̀ ló wà, ọ̀nà rẹ̀ sì ju 100 kìlómítà lọ, láti ibí gba Èrúkù àti Òmù-Àrán. Kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn fẹ́ fi okùn wọ́ mọ́tò lórí rẹ̀. Ẹ wo iye mọ́tò tó ń ti ìlú òkèèrè gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn ECWA níbí, ẹ sì ka iye wọn tó ní ju kọ́kọ́rọ́ kan lọ. Ọdún Kérésì tún burú jù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó àti Àbújá á gbé mọ́tò wálé, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú àpò ṣòkòtò, ẹni tó ni ṣòkòtò á bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu kànga, ìyókù di ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó ń fi irin kọdọrọ wá a nínú omi.

Èyí tí wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn pẹ̀lú ìgboyà jù ni pé kí á yọ ẹ̀ṣọ́ náà dànù. Rẹwáyà tó mọṣẹ́ yóò la orí kọ́kọ́rọ́, yóò yọ ṣíìpù, yóò fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùka wáyà lábẹ́ ike sítíárìn, láti ọjọ́ náà lọ, irin lásán ti tó. Àwa náà á máa yìn ín pé ọ̀gá ni. Bẹ́ẹ̀, a ti so ọlọ́dẹ mọ́ géètì, a ní kó máa wí fún gbogbo ẹni tó bá kanlẹ̀kùn pé onílé ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá, ẹ wo Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ kò fi dandan lé ẹ̀ṣọ́ yìí, Hyundai àti Kia kò sì fi í sínú ọ̀pọ̀ mọ́tò oníkọ́kọ́rọ́ irin tí wọ́n tà níbẹ̀ títí di 2021. Àwọn ọ̀dọ́ fi fídíò han ara wọn bí a ṣe ń fi ẹnu okùn USB yí ihò kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì jí mọ́tò kó lọ rẹpẹtẹ. Ní 2023 àwọn iléeṣẹ́ méjèèjì gbà láti fi nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ rẹ̀. Mọ́tò kan náà ní Kánádà kò rí irú ìyẹn, nítorí òfin Kánádà ti fi dandan lé ẹ̀ṣọ́ láti 2007.

Ó ku àwọn tó ń fi wá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ méjì pé lọ́wọ́ àwọn. Ẹ ní kí wọ́n mú èkejì jáde. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ eléérú nígbà tí ti àkọ́kọ́ jẹ́ dúdú, kọ́kọ́rọ́ tí Toyota ṣe kí a máa fún ẹni tó ń bá àlejò gbé mọ́tò síbi ìgbọ́kọ̀sí ní hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ó ń sítáàtì ẹ́ńjìnnì, ó ń ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kì í ṣí búùtù, kò sì ní àṣẹ láti fi kọ́kọ́rọ́ mìíràn han mọ́tò, iye ìgbà yòówù kí a ṣílẹ̀kùn kí a tì í. Olúwa rẹ̀ á máa yangàn kiri títí dúdú yóò fi sọnù. Bí wọ́n bá sì ti fi dúdú ti ìfà búùtù pa kó tó sọnù, ọjọ́ tí táyà bá bẹ́ lẹ́yìn Èrúkù, tí sípéà wà nínú búùtù, ìgbà yẹn ni yóò tó mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ní.