Bọ̀dá Mò-Ń-Wò-Ó-Ná

Bí ẹ bá ń gbé Oko Ọba, tàbí tí ẹ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá, ẹ ti rí i rí. Ọmọkùnrin tó ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún ni, ó ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran tàbí ní Ọgbà, báàgì dúdú kan kì í sì í kúrò léjìká rẹ̀. Báàgì kámẹ́rà ni. Ó ní àyè fún kámẹ́rà, àyè fún lẹ́ǹsì méjì, àpò kékeré fún bátìrì, àti aṣọ òjò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Abọ́ ìrẹsì ló wà níbi tó yẹ kí kámẹ́rà wà, ṣíbí ló sùn sí àyè lẹ́ǹsì. Kò tíì ra kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ó ti ní orúkọ iṣẹ́, ó ti tẹ káàdì tí wọ́n kọ C.E.O. sí, ó sì ti sanwó fún ẹni tó bá a ṣe àmì tí yóò máa wà ní igun gbogbo àwòrán rẹ̀. Àmì ti délẹ̀, àwòrán tí yóò yá a ní igun ni kò tíì sí. Bó bá dé Computer Village ní Ìkẹjà, tí wọ́n bi í pé, “Ọ̀gá mi, èwo ni ká gbé fún yín?”, èsì kan ṣoṣo ló ní: “Mò ń wò ó ná.” Orúkọ tó jẹ́ nìyẹn. Ìyókù, ìnagijẹ ni.

Ẹ má pè é ní aláìmọ̀kan o. Bí babaláwo ṣe ń to ẹsẹ Ifá ni Bọ̀dá ń to kámẹ́rà DSLR, ìyẹn irú èyí tó ní dígí nínú, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ sì ṣeé tú pààrọ̀. Ó mọ̀ pé Canon EOS 300D tó jáde ní ọdún 2003 ló kọ́kọ́ mú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ wálẹ̀ sábẹ́ ẹgbẹ̀rún kan dọ́là. Ó mọ̀ pé Nikon D90 ti ọdún 2008 ló kọ́kọ́ ya fídíò nínú wọn. Ó lè fi wákàtí kan ṣàlàyé ìdí tí Nikon fi dára ju Canon lọ, kó tún fi wákàtí kejì ja ara rẹ̀ níyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé bí ìyàwó bá kẹ̀yìn sí fèrèsé, kí ni kí onífótò ṣe kí ojú ọmọ ọlọ́mọ má baà dúdú bí ìdí ìkòkò? Yóò kùn sínú, yóò ní ó dọwọ́ irú kámẹ́rà tí ẹ bá lò.

Ẹjọ́ tí mo bá Bọ̀dá ní kò ju ọ̀kan lọ. Ó ní owó ló dá òun dúró, èmi sì sọ pé owó kọ́. Yíyàn ló ti di iṣẹ́ tó ń ṣe, iṣẹ́ tí kò ní oníbàárà, tí kò sì sí ẹni tó lè ní kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń yàn gan-an. Canon gbé 1100D jáde ní 2011, 1200D ní 2014, 1300D ní 2016, ó sì gbé 2000D àti 4000D jáde pọ̀ ní 2018. Ibi tí kámẹ́rà lè dojú kọ kí àwòrán fi mọ́ kedere, mẹ́sàn-án ni nínú márààrún. Bátìrì kan náà, LP-E10, ni gbogbo wọn ń lò. Lẹ́ǹsì EF tí Canon ti ń ṣe láti ọdún 1987 ń wọ gbogbo wọn. Nikon náà kò ṣe yàtọ̀: D3100 ti 2010, D3200, D3300, D3400, títí dé D3500 ti 2018, ibi mọ́kànlá ni gbogbo wọn ní. Òótọ́ ni pé ìyàtọ̀ wà. Ike ni wọ́n fi ṣe ẹnu ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ 4000D, irin ni ti 2000D, ẹni tó máa ń tú lẹ́ǹsì lójoojúmọ́ sì lè torí ìyẹn yẹra fún un. Mẹ́gapísẹ̀lì 1100D jẹ́ méjìlá, ti 1300D jẹ́ méjìdínlógún, ti 2000D jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Ṣùgbọ́n mẹ́gapísẹ̀lì méjìdínlógún tó tẹ fótò tó gùn ní ínǹṣì mẹ́tàdínlógún, tó sì fẹ̀ ní mọ́kànlá, láìsí pé ojú rẹ̀ fọ́. Fótò ìkómọ wo ní Oko Ọba ló tóbi tó bẹ́ẹ̀? Orí WhatsApp ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé, WhatsApp a sì fún wọn kéré kó tó gbé wọn lọ. Bọ̀dá dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wá ìyàtọ̀ láàrin Táyé àti Kẹ́hìndé, títí oúnjẹ àríyá fi tán.

Bó bá jẹ́ pé ìyàtọ̀ ló ń wá lóòótọ́, ibi tó wà kọ́ ló ń wò. Lẹ́ǹsì 18-55 tó máa ń bá kámẹ́rà wọ̀nyí wá, bí ẹ bá fà á dé òpin, f/5.6 ni ẹnu rẹ̀ lè yà mọ. Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ lọ́dọ̀ Canon, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìyẹn. Nínú gbọ̀ngàn tí iná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ń tan gílóòbù mẹ́rin péré, lẹ́ǹsì kékeré yìí ń ṣe ohun tí ìran kámẹ́rà márùn-ún kò lè ṣe. Ẹni tó fẹ́ Nikon ní láti kíyè sí ohun kan: àwọn kámẹ́rà D3100 dé D3500 kò ní mọ́tò nínú, nítorí náà lẹ́ǹsì AF àtijọ́ kò ní lè dojú kọ nǹkan fúnra rẹ̀ lára wọn, AF-S ni kó béèrè. Ó tán. Ìmọ̀ tó ṣe pàtàkì fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré kò ju ìyẹn lọ: ara kámẹ́rà lè gbó, ẹ fi owó tó kù ra lẹ́ǹsì.

Ṣùgbọ́n owó Bọ̀dá kì í pé, nítorí ohun tó ń fi owó wá kì í dúró lójú kan. Nígbà tó tu owó 1100D tòkunbọ̀ jọ, ó ní kí òun kúkú dúró de 1300D. Owó 1300D pé, ó gbọ́ ìròyìn 2000D. Ó ṣẹ́ku díẹ̀ kí owó 2000D pé, ẹnìkan sọ fún un pé D3500 fúyẹ́ lọ́wọ́. Níbi tó ti ń wọn bó ṣe fúyẹ́ tó ni ìjọba ti tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ní báńkì ti kọjá ₦1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Kámẹ́rà tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò sì mọ̀ pé Bọ̀dá ṣì ń ṣèwádìí. Ohun tí owó rẹ̀ tó rà lẹ́yìn ìyẹn ni báàgì. Bó ṣe di oníbáàgì nìyẹn.

Ìran tó ṣáájú wa kò ní ààyè irú ìwádìí yìí, fótò wọn sì ṣì wà lára ògiri ilé wa. Ní ọdún 1978, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague kọ nípa àwọn onífótò tó bá pàdé láàrin Yorùbá, ní Ìlá Ọ̀ràngún pàápàá. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti ṣíwájú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, onífótò á ya èyí tó kù, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, ìbejì á sì tún jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ takọtabo ni wọ́n, ọmọ náà á wọ aṣọ tirẹ̀ yà, á tún wọ aṣọ èkejì rẹ̀ yà. Kò sí mẹ́gapísẹ̀lì kankan nínú iṣẹ́ yẹn. Onífótò mọ ohun tí ojú ìyá ìbejì ń wá, ó sì mọ bí yóò ṣe fi irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá a. Onífótò J.D. ’Okhai Ojeikere náà, Brownie D, kámẹ́rà àpótí lásán, ló kọ́kọ́ rà ní 1950. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fótò ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya orí dídì àwọn obìnrin wa, àti ṣùkú àti ìrun kíkó, títí wọ́n fi sún mọ́ ẹgbẹ̀rún kan. Ní 2013, ọdún kan kó tó kú, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àfihàn ńlá ti Venice ní Ítálì. Ẹnìkan lè sọ pé irinṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ kó tó di 1968. Bẹ́ẹ̀ ni. Àpótí yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́wọ́, òun ni kò jẹ́ kó di ẹni tí ń wò ó ná.

Àwọn tó ń gbèjà Bọ̀dá yóò ní Èkó kì í ṣe Ìlá, pé oníbàárà Èkó ń wo irinṣẹ́ kó tó wo iṣẹ́. Irọ́ kọ́. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà kékeré wá sí òde, wọ́n lè fi í jókòó sídìí àwọn ọmọ tí ń pín omi. Ṣùgbọ́n èyí tó kéré jù nínú DSLR pàápàá tóbi tó láti gba ọ̀wọ̀ lẹ́nu géètì, kò sì sí ìyá ìyàwó tí yóò bẹ̀rẹ̀ ka nọ́ńbà ara kámẹ́rà kó tó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn á ní fóònù ti gba iṣẹ́ náà. Lójú ọ̀sán, òótọ́ ni wọ́n wí, èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn sì gbè: ẹni tí fóònù wà lápò rẹ̀ kò ní àwáwí kankan pé òun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú nínú gbọ̀ngàn ni lẹ́ǹsì kámẹ́rà ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á ní ayé DSLR ti parí, pé kámẹ́rà tí kò ní dígí ló kù. Lẹ́yìn 2020, lóòótọ́, Canon àti Nikon kò gbé DSLR tuntun jáde mọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré! Nígbà tí olówó bá ń sáré tà á, ìgbà yẹn ni mẹ̀kúnnù ń rà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹ̀rù. Bọ̀dá ní wọ́n á lu òun ní jìbìtì, ọjà tòkunbọ̀ níbikíbi sì lè lu ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbani lọ́wọ́ jìbìtì kò gba ọdún méjì, kò gba ìdajì wákàtí. Ẹ mú káàdì mẹ́mórì tiyín dání. Ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run ní f/16, ìdọ̀tí tó bá wà nínú kámẹ́rà á hàn bí àmì dúdú tóótòòtó. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì gba inú lẹ́ǹsì, bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, ó ti bu nínú bíi búrẹ́dì ọjọ́ márùn-ún, ẹ dá a padà. Ẹ ṣí ilé bátìrì, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà. Bó bá jẹ́ Nikon, iye ìgbà tí ṣẹ́tà rẹ̀ ti ṣí wà ní àkọsílẹ̀ nínú fótò tó bá yà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n dán ti D3300 wò dé, ẹ fi iye yẹn wọn èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Paríparí rẹ̀, ẹ bẹ onífótò kan tó ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò kó sìn yín lọ. Bọ̀dá mọ gbogbo èyí, ó tilẹ̀ ń kọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó kù fún un ni òwe. Yóò ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni, pé sùúrù ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò sọ pé kí ọmọ náà máa yan idà títí ayé, kó máa fi ọdún kan wo èèkù, kó fi èkejì wo àkọ̀. Sùúrù ní òpin tó ń lọ, ti Bọ̀dá kò ní. Ní 2016, onífótò TY Bello ń ya olórin Tinie Tempah lójú pópó l’Ékòó, Olájùmọ̀kẹ́ tí ń kiri búrẹ́dì Agége ru igbá rẹ̀ kọjá, ó sì bọ́ sínú fótò. Fótò yẹn sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè kámẹ́rà tí wọ́n fi yà á. TY Bello wà lójú pópó, kámẹ́rà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí níwájú káńtà tí ń sọ pé òun ń wò ó ná. Búrẹ́dì náà ṣì ń kọjá lójoojúmọ́ níwájú ilé Bọ̀dá. Màlúù ń bọ́ sílẹ̀ láti inú tírélà ní ìdájí níbi ìpẹran Oko Ọba, ọkọ̀ ojú irin ń gbéra láti Agége lọ sí Ọyìngbò, ìkómọ ń lọ ní òpópónà mẹ́ta ní Sátidé kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá jẹ́ ará ilé rẹ̀, ẹ má bá a jiyàn Canon àti Nikon mọ́, oúnjẹ ni ìyẹn fún un. 1300D tòkunbọ̀ kan, lẹ́ǹsì 50mm kan, bátìrì méjì: ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí owó ìyẹn kò bá sí, fóònù wà. Ẹ gba báàgì náà léjìká rẹ̀, kí ẹ kó abọ́ ìrẹsì kúrò nínú rẹ̀.