Ìfun Wa Ti Di Gọ́tà

Ní ọdún 2016 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fagi lé kónílé-ó-gbélé tó máa ń wáyé nítorí ìmọ́tótó ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Gọ́tà sinmi, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì náà sinmi. Àmọ́ ẹ̀mí ìmọ́tótó kì í kú bọ̀rọ̀: inú wa ló kó wọ̀. Ẹni tí kò bu ẹrẹ̀ kankan níwájú ilé rẹ̀ láti ìgbà náà kò ní jẹ́ kí oṣù méjì kọjá kó má fọ ìfun.

Ẹ wọ danfo ní Ọ̀ṣòdì, ẹ ó gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Olóògùn á kọ́kọ́ gbàdúrà pé a ò ní rí ìjàǹbá, gbogbo ọkọ̀ á ṣe àmín, kó tó wá là wá lóye nípa ohun tó wà nínú wa. Ìgbẹ́ ọdún mẹ́wàá ni. Ẹran tí ẹ jẹ níbi ìgbéyàwó àbúrò yín kò tíì jáde. Òun ló fa ẹ̀yìn ríro, òun ló fa ọwọ́ ríro, òun ló fà á tí ọkọ fi ń tètè sùn tí ìyàwó fi ń wo àjà. Jẹ̀díjẹ̀dí ni, ìgò kan péré sì ni oògùn rẹ̀. Ìwàásù yìí kan náà wà ní Lẹ́kí, àfi pé tibẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù, ó ní ọmọbìnrin tó wọṣọ bíi nọ́ọ̀sì, ó sì ní rọ́bà kan. Nínú danfo, ẹnu lẹ ó fi gba ìwòsàn. Ní Lẹ́kí, ẹ̀yìn ni.

Ẹ má rò pé àwa la dá a sílẹ̀ o. Òyìnbó ti ń bá ìfun jà kí wọ́n tó bí bàbá olóògùn danfo. Dókítà John Harvey Kellogg, ọ̀gá ilé ìtọ́jú ńlá kan ní Battle Creek, ní ìpínlẹ̀ Michigan, gbà pé inú ìfun ni ọ̀pọ̀ àìsàn ti ń wá, pé májèlé ibẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Yógọ́ọ̀tì tó ń fún àwọn aláìsàn rẹ̀, ìdajì gba ẹnu wọlé, ìdajì gba ìdí. (Bẹ́ẹ̀ ni, ìdílé Kellogg tó ni cornflakes náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọmọ tó ń jẹun lọ́wọ́.) Ní London, Sir William Arbuthnot Lane, oníṣẹ́ abẹ, kò tilẹ̀ ní sùúrù omi: ó ń gé ìfun ńlá àwọn tí inú ń kún kúrò. Gọ́tà tí kò sí kò lè dí.

Ní 1919 ni Dókítà Walter Alvarez ba ọjà jẹ́. Ó ní bí ẹni tí inú rẹ̀ kún bá ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ báyìí ni orí tó ń fọ́ ọ ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ májèlé tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ kì í yára lọ báyẹn. Ìfun tó fẹ̀ ló ń fa wàhálà. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ki òwú mọ́ ìdí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, orí sì fọ́ wọn. Òwú lásán!

Awọ inú ìfun ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ẹran ìgbéyàwó wo ló fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń bó sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

“Ẹ̀rí wà,” wọ́n á ní. Ẹ wo fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: nǹkan gígùn, dúdú, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ká má ṣàbòsí, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn bẹ́ẹ̀, èèpo èso psyllium àti amọ̀ bentonite ló wà. Bí omi bá ti kàn wọ́n, wọ́n á wú, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì gba bí ìfun ṣe rí. Ohun tí ẹ gbé mì lánàá lẹ yà sílẹ̀ lónìí tí ẹ ń ya fọ́tò rẹ̀. Oníṣòwò ta ìdọ̀tí fún yín, ó gbowó, ó tún wá bá yín yọ̀ pé ó jáde. Mo júbà.

Ti ìwọ̀n ara tó dín kù ńkọ́? Omi ló lọ. Ife omi mélòó kan, ó ti padà. Ohun tí kì í tètè padà ni iyọ̀ tó bá a lọ, èyí tí ọkàn fi ń lù déédéé, tàbí ìfun tí rọ́bà lu.

Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí náà ni wọ́n á ní ó ń ṣe é. Á mu àgbo, ẹ̀jẹ̀ á dá, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún ra òmíràn. Ó lè jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa kì í gbé dé ọ̀dọ̀ dókítà àfi ìgbà tó bá ti tàn. Dókítà náà á ní kó fọ ìfun, kí wọ́n lè fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀. Ìyẹn ní ìdí.

Bí ẹ bá ra tiyín tán, ẹ wo ara páálí níbi tí lẹ́tà ti kéré jù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì ṣàyẹ̀wò ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe. Ẹ kà á sókè fún ẹni tó tà á fún yín. Á wò yín tàánútàánú, á ní inú yín ló kún tí ẹ fi ń wá ẹjọ́ báyìí, ìgò méjì ló máa gbà.