Àlàyé Aláṣìṣe Lórí Awo Bíréèkì Ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Awo bíréèkì ni irin rìbìtì pẹlẹbẹ tí ó wà lẹ́yìn ríìmù, tí ó sì ń bá táyà yí po. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, òróró inú páìpù a máa ti písítìnì tí ó wà nínú kálípà, písítìnì a sì fi páàdì méjì há awo náà láàárín, títí eré ọkọ̀ yóò fi di ooru tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ọ̀gbẹ́ni Frederick Lanchester ti ìlú Birmingham ti gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lórí irú rẹ̀ kan ní ọdún 1902, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1953, nígbà tí ọkọ̀ Jaguar tí ó ń lo irú bíréèkì yìí gba ipò kìíní nínú ìdíje Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó gbà pé ohun gidi ni. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kéré sí ìtàn yẹn: bí awo méjì ṣe ṣòfò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo láàárín Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù ni. Ẹni náà ni òǹkọ̀wé àlàyé yìí, tí a yàn nítorí pé kò sí aláṣìṣe mìíràn tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní àrọ́wọ́tó tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Lára ọ̀pọ̀ páàdì ni a ti ń rí irin tín-ín-rín kan tí ó yọ ṣóńṣó bí ó ti mọ, tí kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ju ariwo lọ. Bí páàdì bá ti jẹ dé ibi tí ó kù díẹ̀ kí ó tán, irin yìí yóò kan awo, yóò sì máa sú fèéfèé, kí ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè mọ̀ pé àsìkò ti tó láti ra páàdì tuntun. Nígbà tí ọkọ̀ òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í sú fèéfèé, ó kọ́kọ́ gbà pé ẹyẹ ni, èrò tí kò yẹ kí ó pẹ́ lọ́kàn àgbàlagbà, nítorí pé ẹyẹ náà kì í ké àfi bí ó bá ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bíréèkì. Nígbà tí ó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀gá ti lọ òde, ọmọ-iṣẹ́ nìkan ni ó wà nílé. Òǹkọ̀wé kò sì sọ fún un pé kí ó yẹ bíréèkì wò, kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní kí ó bá òun mú ariwo kúrò. Ọmọ náà, tí a ti kọ́ pé kí ó má ṣe bá àgbà jiyàn, bèèrè pé, “Dádì, ṣé kí n ké irin yẹn sọnù ni?” Dádì sì ní kí ó ké e. Ọkọ̀ dákẹ́ lóòótọ́, òǹkọ̀wé sì fún ọmọ náà lówó omi.

Láti ìgbà yẹn ni páàdì ti ń jẹ láìsí ẹni tí yóò kìlọ̀, títí ó fi kan irin tí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, tí irin wá ń gé irin, tí ariwo tí ó nípọn ju ti ìṣáájú lọ sì bẹ̀rẹ̀, èyí tí òǹkọ̀wé fi ohùn rédíò bò mọ́lẹ̀. A kò lè sọ pé ìlú ni kò fún un ní àpẹẹrẹ rere. Ìkẹ́nnẹ́ ni a bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọdún 1909, ẹni tí ó ṣe òwò ọkọ̀ èrò, tí ó sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò kí ó tó lọ kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ṣòro láti gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ irin lórí irin kí ó sì gbé ohùn rédíò sókè.

Nígbà tí a tú táyà sílẹ̀, ojú awo ti di pooro-pooro. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tọ́jú irú awo bẹ́ẹ̀: kí a pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí a ń pè ní lathe fá irin, kí ojú rẹ̀ lè padà dọ́gba. Kò sí àléébù nínú fífá fúnra rẹ̀, bí irin bá ṣì nípọn tó. Ṣùgbọ́n létí awo kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti máa ń kọ ìwọ̀n ìnípọn tí kò gbọdọ̀ dín kù sí. Awo tí ó nípọn tó mílímítà 28 nígbà tí ó jẹ́ tuntun lè ní 26 létí rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé mílímítà méjì péré ni páàdì àti ẹ̀rọ ní láti pín láàárín ara wọn títí ayé. Páàdì ti jẹ ju ìpín tirẹ̀ lọ kí ẹ̀rọ tó dé. Ọ̀gá mẹkáníìkì fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, awo yìí ti tán o.” Òǹkọ̀wé dá a lóhùn pé irin kì í ṣe ọṣẹ tí yóò tán, ó ní kí wọ́n lọ fá a, ó sì dúró ti ẹ̀rọ náà ní Ṣàgámù, ó ń yọ̀ bí ojú awo ṣe ń dán, láìbèèrè ibi tí àwọn fùlùfúlù irin tí ń já bọ́ sílẹ̀ ti wá.

Awo tí ó fẹ́lẹ́ kò lè gba ooru tó bí èyí tí ó nípọn, nítorí náà ó tètè máa ń gbóná, ojú rẹ̀ kì í sì í pẹ́ dọ́gba mọ́: ibì kan yóò nípọn ju ibòmíràn lọ níwọ̀n tí ojú kò lè rí, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ awakọ̀ lè mọ̀. Ibi tí òǹkọ̀wé ti mọ̀ ọ́n ni oríta Ṣàgámù, níbi tí ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní ti yà kúrò lára títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí àwọn tírélà sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó ń ṣeré bíréèkì níbẹ̀. Bí ó ti tẹ bíréèkì ni sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, tírélà tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì fun fèrè gígùn kan tí òǹkọ̀wé kò lè fi rédíò bò.

Ó wá ra awo tuntun. Ẹni tí ó ní ọgbọ́n yóò gbé e fún mẹkáníìkì, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ti jẹ ọ̀gá ní gbèsè ìtìjú, ó sì pinnu láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nínú àgbàlá. Awo àtijọ́ ti bá ìpẹtà lẹ̀ mọ́ hábù, èyíinì ni irin tí awo fi ẹ̀yìn tì. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilẹ̀ Jàpáànù, ihò kékeré méjì wà lójú awo tí a lè yí bọ́ọ̀tì sí kí ó ti awo jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ òǹkọ̀wé ti lu awo náà ní òòlù títí àwọn ará ilé fi jáde kí ó tó rí àwọn ihò náà. Kò ha ìpẹtà ojú hábù dànù, bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà tí kò nípọn ju ìwé lọ tó láti mú kí awo tuntun máa mì tìtì. Kò sì fi epo bẹntiróòlù nu òróró tí wọ́n fi pa awo tuntun lára kí ó má baà dógùn-ún lórí àtẹ.

Èyí tí ó burú jù ni ti písítìnì. Páàdì tuntun nípọn, nítorí náà a ní láti ti písítìnì padà sínú kálípà kí àyè tó gbà á. Lẹ́yìn èyí, àlàfo yóò wà láàárín páàdì àti awo, a sì gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì ní àtẹ̀túntẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, kí òróró lè ti páàdì dé ìdí awo. Òǹkọ̀wé kò tẹ nǹkan kan. Ó sún ọkọ̀ sẹ́yìn lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ tààrà dé ilẹ̀ ọkọ̀ láìrí ohun tí ó dá a dúró. Òkìtì iyanrìn tí àwọn bíríkìlà dà sílẹ̀ ni ó gba ọkọ̀ náà. Ìyá onílé, tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò dìde. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà,” ó sì ń bá ẹ̀gúsí tí ó ń bó lọ.

Ọ̀gá mẹkáníìkì ni ó wá tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó ha hábù, ó fọ awo, ó pààrọ̀ páàdì tí òróró ti bà jẹ́. Àwọn awo àtijọ́ ni òǹkọ̀wé gbé fún oníkóńdẹ́mù tí ń ti ọmọlanke kiri, ẹni tí ń ra irin gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ ti tó lórí òṣùwọ̀n. Ọkùnrin náà gbé awo méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, ó tún gbé wọn kúrò, ó tún wọn gbé, ó sì ní àwọn awo yìí fúyẹ́ ju irú wọn lọ, nítorí náà owó wọn yóò dín díẹ̀.